Ìbò Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ní Bẹyẹrùnká

Leeds,
Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì, ọdún 2024.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Àsàlámù aleikun. Ṣé dáadáa lẹ wà? Ṣé ara Ìyá Àgbà le, àbí wọ́n ṣì ń bá màmá mi jà lórí iyọ̀ ọbẹ̀? Òtútù ibí kò ṣe é fẹnu sọ. Ibọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń sùn, mo sì ń dáná bí ẹni tó fẹ́ sun ẹran iléyá.

Ẹ má bínú pé mo ń kọ̀wé dípò kí n pè. Ẹ̀yin náà lẹ sọ pé ẹni tó fi ọgbọ̀n ọdún ṣe akọ̀wé kóòtù ìbílẹ̀ ní Mápó kì í gba ọ̀rọ̀ pàtàkì lórí fóònù. Mo ti kọ ọ́ o. Màmá mi á tẹ̀ ẹ́ jáde fún yín. Bí ẹ bá fẹ́ fèsì, ẹ kọ ọ́ sórí ìwé, kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n má gé ìsàlẹ̀ rẹ̀ kúrò mọ́.

Ẹjọ́ méjì ni mo gbé wá. Àkọ́kọ́ jẹ́ ti ilé-ẹ̀kọ́. Olùkọ́ wa ní kí kálukú mú ẹkùn ìdìbò kan tí kò sí mọ́, kó sì kọ ìtàn gbogbo ìbò tí wọ́n dì níbẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi mú ti ìlú òyìnbó. Èmi mú Ẹkùn Ìdìbò Bẹyẹrùnká òun Ọ̀rányàn, èyí tí bàbá àgbà du ìjókòó rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ lè kà á lórí, torí òun lẹ fi ń rẹ̀ wá lẹ́kún nígbà tí a wà ní kékeré. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ fún mi látìbẹ̀rẹ̀.

Ẹjọ́ kejì: ọkùnrin kan wà. Gbénga lorúkọ rẹ̀, nọ́ọ̀sì ni, ọmọ Ìbàdàn ni. Àwọn ẹbí rẹ̀ fẹ́ wá kí yín.

Ọmọ yín,
Mutmainnah.


Bẹyẹrùnká, Ìbàdàn,
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kejì, 2024.

Mutmainnah ọmọ mi,

Wà aleikun sàlámù. Ara gbogbo wa le. Ìyá mi ti pé ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún, wọ́n ṣì ń gbọ́ ohun tí a kò bá wọn sọ. Ìjà iyọ̀ ti parí. Ti ata ló kù.

Inú mi dùn pé òyìnbó ti gbọ́n tó láti fẹ́ mọ ìtàn wa. Kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ọdún 1956 ni wọ́n dá ẹkùn náà sílẹ̀ fún Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ti Ìwọ̀-Oòrùn. Olówó kòkó kan ló kọ́kọ́ wọlé. Ọdún mẹ́rin ló fi jókòó síbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó sì sọ ni pé kí wọ́n bá òun ṣí fèrèsé. Wọ́n tún dìbò fún un ní 1960, ó jọ pé atẹ́gùn náà tù wọ́n lára. Ó kú lọ́dún kejì, wọ́n sì ní kí a tún ìbò dì.

Ibẹ̀ ni bàbá mi, Sàlámì Akànmú, ti jáde. Ẹni tó ń ta èlò kẹ̀kẹ́ l'Ọ́jà'ba, tí gbogbo ẹlẹ́sẹ̀ méjì mọ̀! Ẹni tó bá a du ipò náà ni Daniel Adéníyì, káfíńtà kan ní Ọ̀rányàn tó ń kan pósí. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni mí, mo rántí pé wọ́n gbé mi sókè kí n máa ju ọwọ́ sí àwọn èèyàn. Nígbà tí wọ́n kà á tán, wọ́n ní káfíńtà fi ìbò mọ́kàndínlógún ṣíwájú. Mọ́kàndínlógún! Ilé wa nìkan jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n jí i ni, kò sì sí ẹni tó lè sọ fún mi pé wọn ò jí i. Ohun tí Adéníyì ṣe nílé ìgbìmọ̀ kò ju ẹ̀rọ omi kan lọ, ẹnu ọ̀nà ara rẹ̀ ló sì gbé e sí. Ó tún jáde ní 1965. Ìbò yẹn, iná ló kà á. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn ṣọ́jà dé, ẹkùn náà kú, kò bímọ.

Bàbá mi kò bọ́ nínú ìbànújẹ́ yẹn títí tó fi kú. Títí dòní, bí ilẹ̀kùn bá bàjẹ́ nílé wa, Òkè-Àdó la ti ń lọ pe káfíńtà.

Ó ku ẹjọ́ kejì. Gbénga ọmọ ta ni? Orúkọ bàbá rẹ̀ kò sí nínú ìwé rẹ. Mo ṣe akọ̀wé kóòtù pẹ́. Ohun tí ẹlẹ́jọ́ bá fò ni mo kọ́kọ́ máa ń wò.

Èmi bàbá rẹ,
Ishaq Sàlámì.


Leeds,
Ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n, oṣù kejì, 2024.

Bàbá mi,

Ẹ ṣeun fún ìtàn náà. Olùkọ́ mi rẹ́rìn-ín títí lórí ọ̀rọ̀ fèrèsé.

Ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí. Gbénga ọmọ Japheth Adéníyì ni, ti Ọ̀rányàn. Daniel tó ń kan pósí ni bàbá àgbà rẹ̀.

N kò mọ̀ nígbà tí a pàdé. Oṣù kẹta tí a ti ń rí ara wa ni ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ omi jáde lẹ́nu rẹ̀, tó ní omi rẹ̀ ni wọ́n fi ń wẹ òun ní kékeré. Ibẹ̀ ni mo ti bi í léèrè orúkọ bàbá àgbà rẹ̀. Bàbá, ó ń tọ́jú àwọn arúgbó tí ọmọ wọn kò wá wò wọ́n, kì í sì í jẹ́ kí n dá gbé ẹrù. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo ti pé ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, n kò sì tíì sọ bẹ́ẹ̀ fún yín nípa ẹnikẹ́ni rí.

Ọmọ yín,
Mutmainnah.


Bẹyẹrùnká,
Ọjọ́ kejì, oṣù kẹta, 2024.

Mutmainnah,

Pé ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni, ìyẹn ti Lèmọ́mù. A kò tíì débẹ̀. Ìjà tèmi ti wà kí wọ́n tó fi Lèmọ́mù yìí jẹ.

Ìlú Ìbàdàn fẹ̀ láti Mọ́níyà dé Olódó. Gbogbo ọkùnrin tó kún inú rẹ̀, kò sí èyí tó wù ọ́ àfi ọmọ ẹni tó jí ìjókòó bàbá mi. Bí wọ́n bá mú ọtí ìdána wá, ṣé kí n kọ́kọ́ kà á, kí n wò ó bóyá ó pé?

N kò gbà. Ààwẹ̀ ń bọ̀, n kò fẹ́ bínú ju báyìí lọ.

Bàbá rẹ.


Leeds,
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹrin, 2024.

Bàbá mi,

Ẹ kú ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ tó kọjá. Mo pè yín nígbà mẹ́rin lọ́jọ́ ọdún, màmá mi ní ẹ ń wẹ̀. Ìwẹ̀ yẹn pọ̀ o.

N kò jókòó lásán. Òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá àwọn tó bójú tó ìbò yẹn ní 1961 fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀ fún ilé-ìkàwé kan níbí kó tó kú. Mo gba ààyè lọ́dọ̀ wọn, mo lọ kà á. Bàbá, mo rí ìbò yín.

Ohun tó kọ nìyí. Lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún, olùdíje kọ̀ọ̀kan ló yẹ kó ní àpótí tirẹ̀, pẹ̀lú àwòrán lára, kí ẹni tí kò mọ̀wé lè dá a mọ̀. Àwọn àpótí náà kò tó. Wọ́n wá kéde pé ní Bẹyẹrùnká, kí olùdìbò dúró níwájú akọ̀wé, kó pe orúkọ ẹni tó fẹ́, kí akọ̀wé sì fa igi síwájú orúkọ náà. Ìbò mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni wọn kò lè kà. Obìnrin ni gbogbo wọn, láti ilé kan ṣoṣo. Ilé wa ni.

Akọ̀wé kọ ohun tí kálukú wọn sọ sílẹ̀. Mẹ́sàn-án ní "Olówó-orí-mi" ni àwọn fẹ́. Méje ní "Bàbá Sìdí". Àwọn ìyókù ní "Alágogo", "Adúmáadán", "Ọkọ Ìyáálé Wa". Òyìnbó yẹn wá fi lẹ́ẹ̀dì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pé, "Ó jọ pé ọ̀gbẹ́ni kan wà tó ń jẹ́ Olówó-orí-mi, tí àwọn obìnrin àdúgbò yìí fẹ́ràn púpọ̀, ṣùgbọ́n kò fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi."

Kò sí olè níbẹ̀, bàbá. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ìyàwó ilé kì í pe orúkọ ọkọ, ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́ tó bá nílé. Àbúrò yín ti lé lọ́gọ́ta ọdún, síbẹ̀ Ẹlẹ́yinjú-ẹgẹ́ ni màmá mi ń pè é. Ọ̀wọ̀ ló gba ìjókòó yẹn lọ́wọ́ bàbá àgbà. Àwọn ará Ọ̀rányàn kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Mo fi fọ́tò ojú ewé náà sínú èyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa lésì.

Mutmainnah.


Bẹyẹrùnká,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà, 2024.

Mutmainnah ọmọ Sàlámì, ọmọ Ọ́nọ́rébù!

Àlùhámúdù lílàhì! A wọlé!

Má bínú pé mo pẹ́. Mo ń ṣírò ni. Ìbò mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n wà tí wọn kò kà, ìbò mọ́kàndínlógún sì ni wọ́n fi ṣíwájú wa. Yọ ọ́ kúrò. Ìbò mẹ́jọ ni bàbá mi fi wọlé! Ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni ìjókòó wa fi wà nídìí káfíńtà.

Mo ya ẹ̀dà mẹ́wàá ní Mápó. Mo wọ agbádá, mo gba Ọ̀rányàn lọ. Mo bá Japheth, bàbá Gbénga, níwájú ilé, lábẹ́ pátákó tí wọ́n kọ "Ilé Ọ́nọ́rébù Adéníyì" sí. Mo fún un ní ẹ̀dà kan, mo ní kó sọ pátákó náà kalẹ̀. Ó ní kí n kọ́kọ́ jókòó. Mo ní n kò wá jókòó. Ó ní kí wọ́n gbé mọ́ọ̀tì tútù wá. Oòrùn mú, mo mu ún, ṣùgbọ́n ìdúró ni mo fi mu ún.

Ó ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá ní, "Alhaji, ká ní ẹ̀yin lẹ wọlé, ẹkùn ọ̀hún gan-an dà? Orí kí lẹ fẹ́ jókòó lé?" Àrífín! Mo fi ìgò sílẹ̀, mo kúrò níbẹ̀.

Èmi kì í ṣe òǹrorò. Màá gbà kí o fẹ́ ọmọ wọn, ní májẹ̀mú kan: kí wọ́n kọ ọ́ sórí ìwé, kí wọ́n bu ọwọ́ lù ú, pé Sàlámì Akànmú ló wọlé ní 1961, kí wọ́n sì kà á jáde lọ́jọ́ ìdána. Japheth ní òun kò ní fi ẹnu ara òun pe bàbá òun ní gbàjúẹ̀. Ọwọ́ wọn ló kù sí.

Bàbá rẹ,
Ishaq, ọmọ Ọ́nọ́rébù.


Leeds,
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹfà, 2024.

Bàbá mi,

Ẹ kú ọdún Iléyá. Ẹ̀mí yín á ṣe púpọ̀ ọdún.

Inú ń bí mi, màá sì sọ ọ́. Mo wá ẹ̀rí kiri nínú eruku fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ìjà lè parí, ẹ gbà á lọ́wọ́ mi, ẹ fi bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Àwọn òbí Gbénga ti ní kó lọ wá ọmọ tí bàbá rẹ̀ kì í bá pátákó jà. Ó kọ̀ fún wọn. Títí dìgbà wo ni yóò máa kọ̀?

Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n lọ sí kóòtù níbí, kí n buwọ́ lùwé, kí ó parí. Mi ò lè ṣe é. Mi ò lè jókòó níbi tí wọ́n ti ń béèrè ẹni tó ni mí kí àga yín ṣófo. Mi ò sì lè fi Gbénga sílẹ̀. Torí náà, ibi tí mo wà yìí ni màá wà. Bí mo bá gbó síbẹ̀, kí ẹ sọ fún àwọn èèyàn pé ìbò mẹ́jọ ló dá mi dúró.

Ẹ bi Ìyá Àgbà wò. Nínú àwọn mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n náà, àwọn nìkan ló ṣẹ́ kù. Ẹ bi wọ́n bóyá ìjókòó kan wà tó tó ọmọ yín.

Mutmainnah.


Bẹyẹrùnká,
Ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹjọ, 2024.

Mutmainnah, ọkọ mi,

Èmi Àtọ́kẹ́, ìyá bàbá rẹ, ni mò ń sọ̀rọ̀. Màmá rẹ ló ń bá mi kọ ọ́. Mo ti kìlọ̀ fún un kó má fi nǹkan kún un, kó má sì yọ nǹkan kúrò. Bàbá rẹ ti lọ kírun Jímọ̀, a ráyè díẹ̀.

Ó ti tó oṣù kan ààbọ̀ tó ti ń bi mí bí ìbò yẹn ṣe jẹ́, mò ń dití sí i. Àná ni màmá rẹ ka gbogbo lẹ́tà yín sí mi létí. Mo rín ẹ̀rín títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé, ẹ ní àṣìṣe ni. Obìnrin mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ká jọ ṣe àṣìṣe kan náà láàárọ̀ ọjọ́ kan! Ta ló sọ fún yín pé a ò lọ́pọlọ?

Bàbá àgbà rẹ dìde lọ́jọ́ kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní tóun bá wọlé, òun ó gbalé sí Bódìjà. Ó ní òun ó fẹ́ obìnrin tó kàwé síbẹ̀, tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi fọ́ọ̀kì jẹun, torí òun ò lè kó àwa wá síwájú àwọn òyìnbó. Àwa tá a ti fi ẹsẹ̀ rin gbogbo Bẹyẹrùnká, tá a ń bá a bẹ̀bẹ̀ ìbò! Àwọn àbúrò ẹ̀ náà gbọ́, àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í ra kóòtù òyìnbó. Kò sí ìyàwó kan nínú ilé tí ara ẹ̀ balẹ̀ mọ́.

Nígbà tí wọ́n kéde pé ẹnu la ó fi dìbò, ìyáálé wa, Ìyá Sìdí, pè wá sídìí kànga. Ó ní, "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dìbò fún káfíńtà o. Ọ̀dàlẹ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ká ṣáà bọ̀wọ̀ fún ọkọ wa bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó gbé omi ẹ̀, ó lọ.

Akọ̀wé bi mí lẹ́ẹ̀mẹta. Mo kúnlẹ̀ fún un, mo ní Olówó-orí-mi. Ó ní, "Kí lorúkọ ẹ̀?" Mo ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹ fẹ́ sọ mí di ẹni àbùkù ni?" Kí ló kù tó fẹ́ sọ? Ta ló ń bá obìnrin wí pé ó bọ̀wọ̀ fún ọkọ?

Orúkọ ẹ̀ ni Sàlámì. Sàlámì Akànmú, ọmọ Bákàrè. Mo mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó gbé mi wọlé.

(Èmi màmá rẹ ni mo dá sí i o. Ìyá ní dandan ni kí n kọ orúkọ yẹn. Ọjọ́ kìíní tí mo máa kọ ọ́ nìyí. Kí Ọlọ́hun forí jì mí.)

Ó dùn mí, ọkọ mi. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni kò jáde nílé, mo ń gbé oúnjẹ síwájú ẹ̀, mi ò lè wojú ẹ̀. Mo fẹ́ràn ẹ̀, mi ò sì fẹ́ kó lọ sí Bódìjà. Kò lọ. Ọwọ́ mi ló kú sí. Gbogbo ìgbà tó ń bú ará Ọ̀rányàn, mo ń gbọ́, mi ò gbè wọ́n lẹ́sẹ̀. Ìyẹn ni mò ń tọrọ àforíjì ẹ̀ lọ́wọ́ Ọlọ́hun, kì í ṣe ìbò.

Fẹ́ ọmọ náà. Tí bàbá rẹ bá ti mọ́ṣáláṣí dé, màá jẹ́ kó jẹun tán kí n tó sọ fún un, torí kò ní lè jẹun lẹ́yìn ẹ̀.

Èmi Àtọ́kẹ́.


Bẹyẹrùnká,
Ọjọ́ kìíní, oṣù kẹsàn-án, 2024.

Mutmainnah ọmọ mi,

Ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ti sọ ọ́ fún mi. Fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, n kò bá ìyá mi sọ ju "ẹ káàárọ̀" lọ. Wọ́n ní kí n tọ́jú ìbínú mi dáadáa, àwọn ti rí irú rẹ̀ lára bàbá mi, kì í yí nǹkan kan padà.

Mo bi màmá rẹ bóyá ó ti mọ̀ tipẹ́. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin ni mò ń bọ̀wọ̀ fún." Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀wọ̀ ti ń bà mí lẹ́rù nínú ilé yìí. Bí wọ́n bá kúnlẹ̀ fún mi báyìí, mo máa ń ronú ohun tí mo sọ lọ́jọ́ tó ṣáájú.

Mo padà lọ bá Japheth. N kò wọ agbádá. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mo sì ní kó dárí jì mí nítorí gbogbo ọdún tí a fi pe bàbá rẹ̀ lólè. Ojú tì mí, n kò ní purọ́ fún ọ. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó gbé mọ́ọ̀tì wá, mo sì fi ìdí jókòó mu ún. Lẹ́yìn náà ló gbé ìgò tirẹ̀ kalẹ̀. Ó ní bàbá òun náà sọ̀rọ̀ Bódìjà nígbà kan, bóyá kí òun lọ bi ìyá òun léèrè ìbò tiwọn. Mo ní kó má dán an wò.

Kí wọ́n máa bọ̀ lóṣù kejìlá. N kò fẹ́ ìwé kankan lọ́wọ́ wọn, n kò sì ní bá wọn ka ọtí. Lèmọ́mù ti ń wá mi; jẹ́ kí n fi ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ di ọ̀la. Ìwọ ṣáà mú ọkọ rẹ wálé, kí n rí ẹni tó lè dúró tì ọ́ nígbà tí èmi gan-an kọ̀. Àga mi kò ní ṣófo. Dárí jì mí, ọmọ mi.

Láàárọ̀ yìí ni mo lọ sídìí sàréè bàbá mi ní ẹ̀yìnkùlé. Mo ṣàdúà fún wọn tán, mo wá kí wọn, mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí inú yín rọ̀ o. Adéníyì kò jí ìbò yín."

N kò sọ ìyókù fún wọn.

Bàbá rẹ,
Ishaq.